Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Wọ Bàálù: Ìwé Tó Ń Pinnu Bóyá Èsì Rẹ̀ Máa Padà Wálé

Bí ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bá ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ yunifásítì ní Ìlọrin, físà ni gbogbo ẹnu máa ń sọ. Lẹ́yìn físà, owó ló kàn. Méjèèjì ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro tó ń dunni jù kò sí lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ sókè òkun fún sáà ẹ̀kọ́ kan, á kàwé, á yege, á padà dé, ẹ̀ka rẹ̀ á wá sọ fún un pé àwọn ò mọ ibi tí àwọn máa kọ máàkì náà sí. Á di dandan kó tún àwọn kọ́ọ̀sì yẹn ṣe pẹ̀lú àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún kan ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sì ṣẹ̀ é. Bí a ṣe lè dènà èyí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, yálà ní Unilorin ni ẹ wà, ní KWASU ní Malete, ní Al-Hikmah tàbí ní Landmark ní Òmù-Àrán.

Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ ná. Kí èèyàn rí ìrànwọ́ owó láti lọ gba dìgírì tuntun lókè òkun kì í ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹni tó rí Erasmus Mundus, ìyẹn ìrànwọ́ owó Yúróòpù fún máàsítà, gbà, máàsítà tirẹ̀ ló lọ ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí àwọn yunifásítì tó jọ ń darí ètò náà, ilé ẹ̀kọ́ tó ti jáde nílé ò dá sí i. Nínú pàṣípààrọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ò kúrò lọ́mọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ tilé ló ń san, kì í san owó ẹ̀kọ́ níbi tó lọ, dìgírì Ìlọrin tàbí ti Malete náà ló sì máa gbà nígbẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí ọwọ́ ẹ̀ka tó wà nílé fi gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Erasmus+ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ọdún 1987 ni Erasmus bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù fúnra wọn. Láti 2015 ni apá rẹ̀ tó ń jẹ́ International Credit Mobility ti ń gba àwọn yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà wọlé. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa kì í tètè mọ̀: yunifásítì Yúróòpù ló ń béèrè owó náà, kì í ṣe tiwa. Oṣù Kejì ọdún ni gbèdéke rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ lẹ́tà sí alábàáṣe rẹ̀ ní Jámánì tàbí Poland ní Oṣù Kẹta ti pẹ́ fún ọdún yẹn. Láti Oṣù Kẹsàn-án ló ti yẹ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ní láti ṣàlàyé nínú ìwé ìbéèrè wọn ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ bá ṣe, iye akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tó máa lọ, iye tó máa wá, àti ètò tó wà nílẹ̀ fún ilé gbígbé wọn. Tí owó bá jáde, oṣù 24 tàbí 36 ni iṣẹ́ náà máa fi wà.

Ẹ má sì jẹ́ kí MoU tàn yín. MoU kàn ń sọ pé ilé ẹ̀kọ́ méjì fẹ́ bá ara wọn ṣe ni. Èyí tó ń gbé èèyàn lọ ni inter-institutional agreement, tó sọ ọ́ ní pàtó: ẹ̀ka wo, èèyàn mélòó, oṣù mélòó, èdè wo ni wọ́n fi ń kọ́ni, ta ló ń bá wọn wá ilé, ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ́yìn ìdánwò ni èsì máa dé. Tí ìwé yẹn bá ti dákẹ́ lórí ọ̀kan nínú wọn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà máa gbà wọlé.

Àpẹẹrẹ pé ó ṣeé ṣe dáadáa wà nílé níbí. Látijọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé máa ń lọ lo àkókò ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, tí apá ò ká owó rẹ̀ mọ́, ìjọba dá abúlé èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1991. Kò sẹ́ni tó máa ń jà lórí máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí tí wọ́n bá padà dé, torí pé ìrìnàjò náà wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ wọn, ó ní kóòdù, ó ní yúníìtì. Ohun tí a fẹ́ ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ Kẹ́mísìrì tàbí ti Ètò Ọ̀gbìn náà nìyẹn.

Tábìlì B

Ìwé tí gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí ni wọ́n ń pè ní Learning Agreement. Ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i: akẹ́kọ̀ọ́, ilé ẹ̀kọ́ tó rán an, ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á. Tábìlì A inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ àwọn kọ́ọ̀sì tó máa ṣe lọ́hùn-ún sí. Tábìlì B ni wọ́n ń kọ àwọn kọ́ọ̀sì ti ilé tí wọ́n máa fi rọ́pò. Tábìlì A kì í ṣòro, torí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ. Tábìlì B ni wọ́n máa ń kọ gbàgẹ̀rẹ̀: ẹlòmíì á kọ "kọ́ọ̀sì tó bá a mu" síbẹ̀, ẹlòmíì á fi í sílẹ̀ lófìfo pé tí òun bá dé, wọ́n á yanjú ẹ̀. Wọn ò ní yanjú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní 300 level nínú Microbiology, tó ń lọ sí Jámánì fún sáà kan. Ká ní yúníìtì 20 ló yẹ kó ṣe nílé ní sáà yẹn. Lọ́hùn-ún, ECTS ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fi yúníìtì kà á, ECTS 30 sì ni iṣẹ́ sáà kan tó pé. Bí a bá pín 30 sí 20, yúníìtì wa kan tó ECTS kan ààbọ̀. Kọ́ọ̀sì oní-yúníìtì 3 tiwa wá bá kọ́ọ̀sì wọn oní-ECTS 5 mu, ìyàtọ̀ díẹ̀ tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan. Ibi tí àwọn olùkọ́ kan ti ń ṣì í ṣe ni pé wákàtí ni wọ́n ń kà. Yúníìtì kan nílé wa jẹ́ wákàtí 15 nínú kíláàsì, tàbí 45 tó bá jẹ́ iṣẹ́ láàbù. ECTS kan jẹ́ wákàtí 25 sí 30, ṣùgbọ́n ìwé kíkà nílé, iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìmúrasílẹ̀ ìdánwò ló wà nínú ìyẹn pẹ̀lú kíláàsì. Ẹni tó bá gbé wákàtí kíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí gbogbo iṣẹ́ á sọ pé kọ́ọ̀sì wọn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta tiwa. Iṣẹ́ sáà kan ni kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ sáà kan.

Kò pọn dandan kí orúkọ kọ́ọ̀sì méjèèjì jọra. Ohun tí kọ́ọ̀sì náà fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni kí olùkọ́ wò, kó ka ìlapa ẹ̀kọ́ méjèèjì. Tí kọ́ọ̀sì ilé kan ò bá ní èkejì lọ́hùn-ún, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ó máa ṣe é tó bá dé, kí ẹ sì kọ ìgbà tó máa ṣe é. Gbogbo GNS (ẹ̀kọ́ àpapọ̀ tó kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́) àti ẹ̀kọ́ ìdókòwò, abẹ́ èyí ni wọ́n bọ́ sí, torí kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìtàn àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ní Leipzig.

Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí wá ku o. Lórí fọ́ọ̀mù, orúkọ ẹnì kan péré ni wọ́n béèrè lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó rán akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ òkè òkun ló sì sábà máa ń fọwọ́ sí i. Ìyẹn tó fún àwọn ará Yúróòpù. Kò tó fún wa. Kì í ṣe ọ̀gá yẹn ló ń kọ máàkì sínú ìwé èsì. Exam officer ló ń kọ ọ́, lábẹ́ àṣẹ HOD, kó tó lọ sọ́dọ̀ Dean, kó tó dé Senate. Nítorí náà, kí wọ́n gbé Tábìlì B lọ sí ìpàdé ẹ̀ka, kó wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pé ẹ̀ka gbà á, kí fákọ́tì náà gbà á, kí ẹ̀dà rẹ̀ wọ fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀dọ̀ level adviser. HOD lè yí padà kí ọmọ tó dé. Ọ̀rọ̀ ẹnu HOD tó ti lọ ò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìpinnu ìpàdé dúró síbẹ̀.

Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá débẹ̀ tó bá a pé wọ́n ti fagi lé kọ́ọ̀sì kan, tàbí pé kọ́ọ̀sì méjì bọ́ sí wákàtí kan náà, fọ́ọ̀mù náà ní abala fún àyípadà. Kó kọ ọ́ kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ẹni mẹ́ta yẹn tún fọwọ́ sí i. Àyípadà tí akẹ́kọ̀ọ́ dá ṣe láìsọ fún ará ilé, òun ni exam officer á rí tó máa bi í pé kí lèyí.

Máàkì tó ń dojú kọ sísàlẹ̀

Ní Jámánì, 1.0 ló dáa jù, 4.0 ló kéré jù tí wọ́n fi ń yege, 5.0 ni ẹni tó kùnà ń gbà. Ẹni tó bá gba 1.3 ti ṣe bẹbẹ. Ẹ wá fojú inú wo exam officer tí ojú rẹ̀ ti mọ́ CGPA tó parí sí 5.0, tó wá rí 1.3 lórí ìwé. Lójú tirẹ̀, ọmọ yìí ò tilẹ̀ dé third class. Ní Faransé, Benin àti Togo, orí 20 ni wọ́n ti ń gba máàkì, 10 ni wọ́n fi ń yege, ẹni tó bá sì gba 14 ti ṣe dáadáa gan-an. Tí ẹ bá fi ìṣirò lásán sọ 12 lórí 20 di ọgọ́rùn-ún, 60 ló máa fún yín, ìyẹn B nílé wa. Ṣùgbọ́n níbi tí wọn kì í ti í fún èèyàn ní 16 lásán, 12 yẹn lè fi akẹ́kọ̀ọ́ náà sáàárín àwọn tó ṣíwájú kíláàsì.

Àwọn ará Jámánì ní ìlànà ìṣirò kan tí wọ́n ń lò fún máàkì àwọn àlejò. Wọ́n á yọ máàkì tí ẹni náà gbà kúrò nínú èyí tó ga jù. Wọ́n á fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù láti yege pín in. Wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n á fi 1 kún un. Ẹni tó ní 4.0 lórí 5.0, tó bá jẹ́ 1.0 ni wọ́n kà sí ìyege tó kéré jù, á gba 1.75. Tó bá jẹ́ 1.5 ni wọ́n kà sí i, á gba nǹkan bí 1.86. Ẹ rí i pé iye tí ilé ẹ̀kọ́ kọ sẹ́yìn transcript pé òun fi ń yege lè gbé èèyàn sókè tàbí kó fà á wálẹ̀. Kí ọ́fíìsì tó ń ṣe transcript rí i dájú pé àlàyé máàkì wà lẹ́yìn ìwé náà, kó má ṣàì hàn kedere.

Èyí tó rọrùn jù, tó sì tọ́ jù lójú tèmi, ni kí ẹ̀ka gba tábìlì ìyípadà máàkì kan wọlé kí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó lọ: irú máàkì báyìí lọ́dọ̀ wọn, A ni lọ́dọ̀ wa, irú báyìí, B ni. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ Learning Agreement. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí èsì dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó lé e, ojú tí wọ́n fi ń wo akẹ́kọ̀ọ́ náà ló máa pinnu ohun tó máa gbà, ìyẹn ò sì dáa.

Ìgbà, orúkọ àti ìwé ìrìnnà

Ní Jámánì, ẹ̀kọ́ sáà òtútù máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àárín Oṣù Kẹwàá, ó ń parí ní àárín Oṣù Kejì. Ti ẹ̀ẹ̀rùn ń bẹ̀rẹ̀ nínú Oṣù Kẹrin, ó ń parí nínú Oṣù Keje. Kàlẹ́ńdà tiwa kì í dúró sójú kan. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2020 gba bí oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 gba mẹ́jọ. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́hùn-ún, èsì rẹ̀ á dé nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sáà náà, á wá di ìwé tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí orúkọ sáà wà lórí Tábìlì B, bíi "sáà kìn-ín-ní, 300 level, 2025/2026", dípò orúkọ oṣù.

Ìparí 200 level sí ìparí 300 level ló dáa jù láti lọ. Ẹ ṣọ́ra fún sáà tí SIWES, ìyẹn ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́, bọ́ sí. Ọdún ìkẹyìn ò dára rárá, torí iṣẹ́ ìwádìí àti orúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ ń fi ránṣẹ́ sí NYSC.

Ní Ìlọrin níbí, orúkọ ni ibi tí ìwé ti ń há jù. AbdulRaheem wà lórí WAEC, Abdulrahim lórí NIN, Abdul Raheem lórí ìwé ìgbaniwọlé JAMB. Aishat di Aisha, Sulyman di Sulaiman. Ẹni kan náà ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń wo ìwé ní ẹ́ḿbásì, èèyàn mẹ́ta ni. Orí NIN ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, torí láti inú NIN ni pásípọ́ọ̀tì ti ń mú orúkọ. Ìbúra kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn lè so orúkọ ìwé ẹ̀rí àtijọ́ mọ́ tuntun. Kí èyí parí kí ẹ tó san owó pásípọ́ọ̀tì, torí láti Oṣù Kẹsàn-án 2025, olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún ti di ₦100,000, olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá ti di ₦200,000. Kò sẹ́ni tó máa fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́tà owó ni ìwé físà tó tún gba àkíyèsí. Erasmus+ máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ní nǹkan bíi yúrò 800 sí 900 lóṣù, gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè tó ń lọ bá ṣe wọ́n tó; owó ọkọ̀ yàtọ̀ sí i. Kí lẹ́tà náà sọ iye oṣooṣù, iye oṣù, àti ẹni tó ń san án. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "a máa ràn án lọ́wọ́" ò wúlò fún ẹ́ḿbásì. Ẹ sì má retí pé owó á ti wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá balẹ̀. Ó sábà máa ń dúró de ìgbà tí ẹ bá ṣí àkáǹtì, bẹ́ẹ̀ onílé lè béèrè owó káúṣọ̀n tó tó owó ilé oṣù mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá wọlé ní Jámánì, ẹ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ àdírẹ́sì yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú. Lẹ́yìn èyí, lẹ́tà kan máa wá tó ń béèrè yúrò 18.36 lóṣù fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe jìbìtì. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń san án, tí ẹ bá sì jọ ń gbé, ẹ lè pín in.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun máa ta ààyè pàṣípààrọ̀ fún yín, ẹ sá fún un. Ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ ló ń fa akẹ́kọ̀ọ́ kalẹ̀, kì í gba owó, kì í sì í gba ọwọ́ ajẹ́ńtì kọjá.

Òṣìṣẹ́ ńkọ́?

Ti òṣìṣẹ́ kúrú: ọjọ́ márùn-ún ló kéré jù, oṣù méjì ló pọ̀ jù, láìka ọjọ́ ìrìn. Olùkọ́ tó lọ kọ́ni gbọ́dọ̀ kọ́ni fún ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ lọ́sẹ̀. Kó gba ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ HOD, Dean, títí dé ọ̀dọ̀ Registrar, kí orúkọ ẹni tó máa di kíláàsì rẹ̀ mú sì wà nínú lẹ́tà náà. Tó bá ń bọ̀, kó gba ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tó lọ, kó tọ́jú boarding pass. Tí iye ọjọ́ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí náà bá dín sí èyí tó wà nínú àdéhùn, wọ́n lè gba owó padà. Fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fowó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, tún jẹ́ ọ̀nà míì fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Kò kan ilé ẹ̀kọ́ aládàáni bíi Landmark tàbí Al-Hikmah, nítorí náà ètò bí Erasmus+ yìí ni kí àwọn tibẹ̀ tẹra mọ́.

Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ètò yìí wà fún àwọn tí kì í ṣe olùkọ́ náà: ará registry, láíbírì, ICT. Èrò mi ni pé àwọn ló yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ rán, pàápàá exam officer àti ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ èsì. Ẹni tó bá ti jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan ní registry wọn, tó rí bí 1.3 ṣe ń wọnú ìwé, tó mọ orúkọ ẹni tó ń fi transcript ránṣẹ́, òun ò ní sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kò síbi tí òun máa kọ máàkì sí.

Àwọn tó ń bọ̀ wá bá wa

Àdéhùn tí àwọn tiwa nìkan ń lọ, tí ẹnikẹ́ni ò wá, kì í pẹ́ kú. Ẹni tó ń bọ̀ wá fún sáà kan máa ń gba físà tí wọ́n ń pè ní STR. Ilé ẹ̀kọ́ wa ló gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé òun gba ẹrù ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú rẹ̀ sọ́rùn, lẹ́yìn tó bá dé, láàárín 90 ọjọ́, kí wọ́n mú un lọ ṣe káàdì ìgbélùú rẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS, bíi Ghana tàbí Benin, lè wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́. Sáà kan gùn ju ìyẹn lọ, nítorí náà kó gba ìwé ìgbélùú kí ọjọ́ tó pé. Níjẹ̀r, Mali àti Burkina Faso ti kúrò nínú ECOWAS láti 29 Oṣù Kìn-ín-ní 2025, ẹ béèrè tiwọn lọ́tọ̀.

Kí ọ́fíìsì wá ilé tó ní omi àti iná sínú ọgbà, kó má sọ pé kí àlejò lọ wá yàrá fúnra rẹ̀ ní Tanke. Kó sọ fún un nípa ọyẹ́, oògùn ibà àti káàdì yẹ́lò fífà, àti pé nígbà ààwẹ̀ Ramadan, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní Ìlọrin kì í ṣí lọ́sàn-án. Ohun tí a sì ní láti kọ́ wọn pọ̀. Wọ́n ń hun aṣọ òkè ní Ìlọrin, wọ́n ń mọ ìkòkò ní Dada, Òkèlele. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, pẹ̀lú àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún, ò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ẹ sọ wọ́n di kọ́ọ̀sì tó ní kóòdù, kí ECTS wọn wà níwájú wọn, torí Tábìlì B tiwọn náà ń béèrè.

Tí ọmọ bá dé

Kí registry ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún fi transcript ránṣẹ́ tààrà sí exam officer, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì òkè òkun. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé lọ́wọ́ wá, wọ́n lè má gbà á. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí èsì bá jáde ló yẹ kó dé. Tí kò bá dé, ọ́fíìsì òkè òkun ló yẹ kó kọ ímeèlì, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ wo ìwé èsì ẹ̀ka kó tó lọ sí fákọ́tì, kó rí i pé kóòdù ilé ló wà níwájú máàkì kọ̀ọ̀kan. Tí ìpàdé Senate kan bá kọjá láìsí èsì rẹ̀ níbẹ̀, kó béèrè ọjọ́ ìpàdé tó kàn lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì fi ẹ̀dà ìpinnu ìpàdé ẹ̀ka tí wọ́n ti gba Tábìlì B sínú lẹ́tà tó bá kọ sí HOD.